Orúkọ tí Wọ́n Rù Dé Abẹ́òkúta

Bí ènìyàn bá dúró ní ibùdókọ̀ Mòwé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń retí ọkọ̀ pé ará ibo ni wọ́n, àwọn kan á dárúkọ ìlú bàbá wọn, àwọn kan á ní ará Èkó làwọn. Ó máa pẹ́ kó tó kan ẹni tí yóò sọ pé ará Mòwé lòun. Mi ò bá wọn wí. Owó ilé ló lé ọ̀pọ̀ nínú wa kúrò ní Èkó. Ẹnìkan rí i pé owó yàrá kan àti pálọ̀ ní Kétu tó gba ilé tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Ìbàfò, ó kó ẹrù rẹ̀. Ẹlòmíràn ra ìdajì pílọ́ọ̀tì, ó ń mọ ilé sí i díẹ̀díẹ̀, ó sì kó wọlé kí wọ́n tó rẹ́ ògiri. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ìfọ̀ àti àwọn àdúgbò tó yí i ká. À ń sùn níbẹ̀, à ń jí níbẹ̀, ìdájí la sì ti ń sáré padà sí ibi tí a ti kó kúrò.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ girama ládùúgbò yìí. Nígbà tí a dé orí ọ̀rọ̀ bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣí láti ibì kan lọ tẹ ibòmíràn dó, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló ń gbé ibí kí àwọn òbí wa tó dé?” Mo ní àwọn Ẹ̀gbá ni. Ó tún béèrè pé, “Níbo ni wọ́n wà báyìí?” Mo mọ̀ pé bí mo bá máa dáhùn èyí bó ṣe yẹ, àfi kí n kó wọn lọ sí Abẹ́òkúta.

Ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́kàn mi tẹ́lẹ̀, nítorí àbúrò mi obìnrin kan tó ń kàwé ní York, ìlú àtijọ́ kan ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Róòmù ló tẹ ibẹ̀ dó ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn. Odi tó yí àárín ìlú náà ká ṣì dúró, gígùn rẹ̀ ju kìlómítà mẹ́ta lọ, àwọn ènìyàn sì ń gba orí rẹ̀ rìn láti ẹnubodè kan sí òmíràn. Àbúrò mi a máa fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, a sì máa fi àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wọn kún un, àti ti àdúgbò tóóró kan tí òkè ilé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kan ara wọn. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n ohun tó gbà mí lọ́kàn jù ni ìtàn bí odi náà ṣe kù síbẹ̀. Ní ọdún 1800, ìgbìmọ̀ ìlú náà pinnu láti wó o: wọ́n ní ó ń dínà, àtúnṣe rẹ̀ sì ń jẹ owó. Wọ́n ti wó lára rẹ̀ kí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ tó dìde. William Etty, ayàwòrán tí wọ́n bí ní York, wà lára àwọn tó jà fún un. Láti ọdún 1951 ni ẹgbẹ́ kan láàárín àwọn ará ìlú sì ti ń mú àlejò kiri York lọ́fẹ̀ẹ́. Àbúrò mi ní bàbá àgbàlagbà tó mú àwọn kiri ń sọ̀rọ̀ odi náà bí ẹni pé bàbá tirẹ̀ ló mọ ọ́n. Gbólóhùn yẹn ni mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn. Ta ní Mòwé ló lè sọ̀rọ̀ ohunkóhun ní Mòwé bẹ́ẹ̀?

Nítorí náà mo bẹ àwọn òbí, wọ́n dá owó mọ́tò, mo kó àwọn ọmọ náà. Láti Mòwé, a gba márosẹ̀ dé ìkòríta Ṣágámù, a yà sọ́wọ́ òsì, a gba Ṣíún àti Kọ́bapẹ́ kọjá, a já sí Kútọ̀. Bí a ṣe ń lọ ni mò ń sọ fún wọn pé Ṣíún yìí, Kọ́bapẹ́ yìí, inú ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé kan náà tí ilé wọn wà ni. Ó yà wọ́n lẹ́nu. Lójú wọn, Ọbáfẹ́mi-Òwódé kò ju ojú títì márosẹ̀ lọ, láti ìgbà tí ènìyàn bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá Bájà títí dé ẹnu ọ̀nà Redemption City.

Olúmọ la kọ́kọ́ lọ. Orí rẹ̀ fi mítà 137 ga ju ojú òkun lọ. Wọ́n tún ibẹ̀ ṣe ní 2006, wọ́n sì fi ẹ̀rọ agbéniròkè sí i. Àwọn ọmọ fẹ́ wọ ẹ̀rọ náà, mo ní rárá, ẹsẹ̀ la ó fi gùn ún, torí ẹni tó bá fi ẹ̀rọ gun Olúmọ yóò rí òrùlé ìlú, kò sì ní rí inú àpáta. Inú àpáta yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Ihò kan wà nísàlẹ̀ tí òkè rẹ̀ kéré débi pé àgbàlagbà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó lè wọ ibẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn ènìyàn sá pamọ́ sí nígbà ogun. Lórí ilẹ̀ àpáta náà, kòtò róbótó-róbótó pọ̀. Àwọn obìnrin ló fi wọ́n ṣe ọlọ: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ ata, tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo. Mo ki ọwọ́ bọ ọ̀kan. Inú rẹ̀ ń dán.

Gbogbo ohun tó wà fún wíwò ní Abẹ́òkúta, mi ò rí èyí tó tó kòtò yẹn lójú mi. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn Ẹ̀gbá, ológun la sábà máa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, iye ogun tó ṣẹ́ àti iye ọ̀tá tó sá. Ṣùgbọ́n àpáta kì í jẹ ní ọjọ́ kan. Kí òkúta tó dán bẹ́ẹ̀, ọwọ́ obìnrin ti ní láti yí ọmọ ọlọ lórí rẹ̀ láìmọye ìgbà. Ọmọ ń ké, ìbẹ̀rù wà níta, ẹnìkan sì jókòó nínú òkùnkùn tó ń lọ ata. Mo sọ fún àwọn ọmọ náà pé kí wọ́n fi ọwọ́ kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má yára. Àwọn ọmọkùnrin tó ti ń sáré lọ sókè padà wá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mú wa kiri mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ kan bi í pé láti ibo ni àwọn tó sá wá síbẹ̀ ti wá, ó bi wá pé láti ibo ni àwa náà ti wá. Mo ní Mòwé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá, ẹ̀yìnkùlé yín náà ni.”

Òótọ́ ló sọ. Kí Abẹ́òkúta tó wà, inú igbó Ẹ̀gbá ni àwọn Ẹ̀gbá ń gbé, ní ìlú kéékèèké tó ju ọgọ́rùn-ún lọ, láti ìtòsí ibi tí Ìbàdàn wà lónìí wá sí ìhà tiwa níbí. Lábẹ́ Ọ̀yọ́ ni wọ́n wà kí Lísàbí, akọni kan láàárín wọn, tó kó wọn jọ. Ẹgbẹ́ àáró ló fi bẹ̀rẹ̀, àgbẹ̀ tó ń bá àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ oko lọ́tunlósì, kó tó sọ ọ́ di ẹgbẹ́ Olórógun tó gba Ẹ̀gbá sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìlàrí, aṣojú ọba Ọ̀yọ́, ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Òmìnira náà kò tọ́jọ́. Nígbà tí ogun Òwu bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ sì parapọ̀, wọ́n kọjú sí àwọn ìlú Ẹ̀gbá lẹ́yìn Òwu, wọ́n sì pa wọ́n run lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó kù wà ní bùdó Ìbàdàn fún ìgbà díẹ̀, inú wọn kò sì dùn níbẹ̀. Ní 1830 ni Ṣódẹ̀kẹ́, olórí wọn, kó wọn dé abẹ́ Olúmọ, níbi tí oko Àdágbà, ará Ìtòko, wà. Ní 1834 ni àwọn Òwu dé bá wọn.

Àwọn orílé tí wọ́n fi sílẹ̀ kò parẹ́ tán. Orílé Ìmọ̀ wà ní Ọbáfẹ́mi-Òwódé títí dòní. Orílé Ìlúgùn wà ní Ọdẹ́dá. Mòwé àti Ìbàfò ní tiwọn jẹ́ abúlé àgbẹ̀ kí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó ṣí ní 1978, kí ilẹ̀ tó di ohun tí wọ́n ń wọ̀n ní ẹsẹ̀ bàtà. Àwa tí a sá kúrò ní Èkó, ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí ogun lé wọn kúrò ní àwọn apá kan rẹ̀ ni a wá tẹ̀dó sí.

Láti orí Olúmọ, ènìyàn á rí gbogbo ìlú: òrùlé páànù tó ti pọ́n, odò Ògùn ní ìwọ̀ oòrùn, ilé aago ṣọ́ọ̀ṣì Aké, mọ́ṣáláṣí ńlá ní Kóbítì. Mo ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà na ọwọ́ sí àdúgbò kọ̀ọ̀kan kó sì máa pe orúkọ wọn. Aké. Ìjẹmọ̀. Ìtòkú. Ìtòko. Ìgbẹ̀in. Kémta. Ìpòró. Ìkìjà. Ẹ̀rúnwọ̀n. Ìjẹ̀un. Àgó-Ọ̀kọ. Àgó Òwu. Àwọn ọmọ ń kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún wọn pé ìlú ni gbogbo orúkọ yẹn nígbà kan, pé igbó àti odò wà láàárín ìlú kan àti èkejì. Nígbà tí wọ́n sá, ìlú kọ̀ọ̀kan kó ara rẹ̀ jọ sí ojú kan lábẹ́ àpáta náà, ó sì fi orúkọ ilé sọ ibẹ̀. Wọ́n ní Ògbóni tiwọn, wọ́n ní ológun tiwọn, wọ́n ní òrìṣà tiwọn. Títí dòní, Aláké, Ọ̀ṣilẹ̀, Àgùrá àti Olówu ló wà lórí ìtẹ́ nínú ìlú kan ṣoṣo, yàtọ̀ sí Olúbarà tó wà ní Ìbarà.

Mo rò ó títí. Ilé jó, oko bàjẹ́, wọ́n kó àwọn kan lẹ́rú tà sí òkè òkun. Ohun tí ẹni tó ń sá lè rù kò pọ̀. Síbẹ̀ wọ́n rántí orúkọ, wọ́n sì rántí ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ẹni. Ẹni tó bá wá wo Abẹ́òkúta, tó ya àwòrán lórí òkè tó sì sọ̀ kalẹ̀, kò tíì rí ohun tó wá wò. Àwọn àdúgbò yẹn gan-an ni ohun ìwòran. Ènìyàn lè rìn láti Ìtòkú dé Aké kí omi inú ike rẹ̀ tó gbóná, kó sì ti kọjá láàárín àwọn ìlú tí wọ́n ti pa run lẹ́ẹ̀kan.

Aké la kàn. Ṣọ́ọ̀ṣì Peteru Mímọ́ wà níbẹ̀, ó wà lára àwọn tó pẹ́ jù ní Nàìjíríà. Ní oṣù Kejìlá 1842 ni Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, dé Abẹ́òkúta. Henry Townsend, ti ìjọ Áńgílíkà, dé ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ṣódẹ̀kẹ́ ló gba àwọn méjèèjì. Àwọn Sàró ló ṣínà fún wọn, àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n ti kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n kó lọ sí Sàró, tí wọ́n sì wá ọ̀nà ilé padà. Ní 1859, Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní ìlú yìí, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá. Ẹni tó bá ń ka Yorùbá nínú ìwé lónìí ní ìdí láti dúró díẹ̀ ní Aké.

Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo sọ fún àwọn ọmọ níbẹ̀ ni ti Àjàyí Crowther àti ìyá rẹ̀. Wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Ọ̀ṣogùn ní 1821, ọmọdé ni. Ní 1846 ó dé Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí àlùfáà, wọ́n sì gbọ́ pé ìyá rẹ̀, Àfàlà, wà ní ìlú kan nítòsí. Ìyá náà wá. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọn ò ti rí ara wọn. Mo dákẹ́ lẹ́yìn tí mo sọ ọ́, àwọn ọmọ náà dákẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, tí ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Lárúbáwá, kúrò láàárín wa, ó lọ dúró lẹ́bàá ògiri. Mo jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí ó fi padà wá fúnra rẹ̀.

Níwájú ààfin Aláké, a dé ibi tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jókòó sí ní 1947 nítorí owó orí. Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ló ṣáájú wọn. Àwọn ọlọ́jà àti àwọn obìnrin tó lọ iléèwé para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan, wọ́n ń kọrin lóru àti lọ́sàn-án. Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù Kìíní 1949, ó sì padà wá ní 1950. Ilé tí ìdílé náà gbé ní Ìsàbọ̀ ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Lórí Fẹlá, ọmọ wọn tó di olórin, tí wọ́n bí ní ìlú yìí ní 1938, àwọn ọmọ mọ ohun tó pọ̀, wọ́n sì ń bi mí ní ìbéèrè tó ju agbára mi lọ. Wọlé Ṣóyínká náà, tí wọ́n bí ní 1934, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Aké yìí ló gbé dàgbà, ó sì fi orúkọ Aké sọ ìwé tó kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀ ní 1981. Gbọ̀ngàn Ọgọ́rùn-ún Ọdún wà nítòsí, wọ́n kọ́ ọ ní 1930 nígbà tí ìlú pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ wo bí wọ́n ṣe sún mọ́ra. Ní York, èyí tó tó bẹ́ẹ̀ á ti ní ènìyàn kan tó dúró níta láàárọ̀ tó ń sọ fún ẹni tó bá kọjá pé, ẹ wá, ẹ jẹ́ kí n mú yín kiri. Ní Aké, èmi ni mò ń sọ ọ́, àwọn ọlọ́kadà sì dúró ń gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun sí Ìjẹmọ̀, òun ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni àwọn obìnrin náà jókòó sí.

A jẹ láfún ní Ìtòkú, pẹ̀lú ewédú àti ẹja. Mo ra àdìrẹ. Ìyá tó ni ìsọ̀ náà fi hàn wá bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sára aṣọ funfun pẹ̀lú ìyẹ́ adìyẹ, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró èlú; ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní lè wọ ibẹ̀. Ó ní àwọn tó ń ṣe é báyẹn kò pọ̀ mọ́, kàǹpálà onípafínì ló gbòde, àti aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní òkè òkun tí wọ́n ń tà bí àdìrẹ. Ó fi ọ̀kan lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Ojúlówó àdìrẹ máa ń mu aró níwájú lẹ́yìn. Ní ti ibi ìkàwé Ọbásanjọ́ tí wọ́n ṣí ní 2017, àwọn ẹranko tó wà ní ọgbà rẹ̀ ni àwọn ọmọ ṣì ń sọ ọ̀rọ̀ wọn títí di ìsinsìnyí.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ fi hàn wọ́n, tí mi ò sì rí ohun púpọ̀ fi hàn. Abẹ́òkúta náà ní odi. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta 1851, ọmọ ogun Dàhọ̀mì, tí ọba Gezo rán, kọlu ìlú náà ní ìhà Arò. Àwọn jagunjagun obìnrin wà láàárín wọn, wọ́n sì le bí ọkùnrin. Ibi odi náà ni Ẹ̀gbá ti lé wọn padà. Wọ́n tún wá ní 1864, Ẹ̀gbá tún lé wọn. Bí odi náà bá ti já lọ́jọ́ yẹn, kò ní sí Aké tí a wá wò. Odi York kò gba ìlú rẹ̀ là ju báyẹn lọ. Síbẹ̀ ilé àti oko ti bo ibi tó pọ̀ nínú ojú odi tiwa mọ́lẹ̀. Ní ìhà tí a lọ, a béèrè lọ́wọ́ ẹni mélòó kan, bàbá arúgbó kan ló nawọ́ sí ọ̀gbun kan tí koríko ti bò, ó ní kí a máa wò ó bẹ́ẹ̀. Mo wò ó, ó dùn mí. Ìjọba kan kọ́ ló wó o, ogun kọ́ ló wó o. A kàn ń bá iṣẹ́ wa lọ lórí rẹ̀.

Nígbà tí a ń bọ̀, a gba ìhà Láfẹ́nwá, nítorí mo fẹ́ kí wọ́n rí ọ̀nà Wàsìmi àti Ìfọ̀. Ojú irin àtijọ́ tó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 gba ibẹ̀. Ìfọ̀ jẹ́ ìkòríta ńlá lórí rẹ̀, ẹ̀ka kan yà níbẹ̀ lọ sí Ìlaròó àti Ìdógò. Ní 1918, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé owó orí dé lẹ́yìn tí wọ́n gba òmìnira Ẹ̀gbá ní 1914, àwọn àgbẹ̀ dìde. Ogun Àdùbí la ń pè é. Wọ́n hú irin, wọ́n gé wáyà, ní Wàsìmi àti ní ibòmíràn lójú ọ̀nà yẹn. Èmi ò rí pátákó kan tó sọ ọ́. York ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ojú irin tí wọ́n ṣí ní 1975, gbogbo ayé ń lọ wò ó. Ilé Jaekel wà ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta fún tiwa, ó dára, Èkó ni ó sì wà. Ní Ìfọ̀, níbi tí ènìyàn ti lè dúró lójú irin náà gan-an kó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ibí ni ẹrù kòkó gbà kọjá, ibí ni àwọn àgbẹ̀ ti bínú, ẹni tí kò bá ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Lónìí, ọkọ̀ ojú irin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021 ń ti Kajọlà kọjá lọ sí ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní Abẹ́òkúta. Ibùdókọ̀ Papalantò ń jẹ́ orúkọ Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Inú mi dùn sí orúkọ yẹn. Àwọn ọmọ tó bá kà á lórí tíkẹ́ẹ̀tì máa béèrè ẹni tó jẹ́.

Orúkọ ni mo wá ń rò títí di báyìí. Ní àdúgbò tiwa, àwọn òpópónà wà tí kò ní ju nọ́ńbà lọ. Àwọn ẹ̀sítéètì ń jẹ́ orúkọ tó dà bí àdúrà, wọ́n sì tún ń fi “phase” kín-ín-ní àti èkejì sí i. Kò sí ìyẹn tó burú. Ṣùgbọ́n abúlé wà níbẹ̀ kí a tó ra ilẹ̀, wọ́n ń gbin gbágùúdá àti ìrẹsì, baálẹ̀ wà níbẹ̀, ojúbọ wà níbẹ̀. Ọ̀fàdà kò jìnnà sí wa rárá, gbogbo ènìyàn ń jẹ ìrẹsì rẹ̀, ní Èkó, ní London, ní ilé ìnáwó, àwọn ọmọ kíláàsì mi sì rò pé orúkọ oúnjẹ lásán ni. Mo mú wọn lọ bá bàbá kan níbẹ̀ tó gbin ìrẹsì náà láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Bàbá náà ka orúkọ àwọn abúlé tó wà láàárín Ọ̀fàdà àti ojú títì nígbà èwe rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ìdílé tó dá ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Àwọn ọmọ ń kọ ọ́. Nígbà tí a wo ìwé náà, a rí i pé ilé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yẹn wà lórí ọ̀kan tàbí òmíràn nínú wọn.

Mo gbé ìwé náà lọ sí ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a fi orúkọ àwọn abúlé wọ̀nyí sọ àwọn òpópónà tí kò tíì lórúkọ. Wọ́n gbọ́ mi dáadáa. Akọ̀wé ní òun fara mọ́ ọn. Bàbá kan tó kọ́kọ́ kọ́ ilé sí òpópónà tirẹ̀ ní orúkọ òun ló yẹ kó jẹ́, torí òun ló la ọ̀nà náà, tó ra òkúta tí wọ́n fi dí i. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìtumọ̀: bí Àdágbà náà ṣe kọ́kọ́ dé abẹ́ Olúmọ nìyẹn. Mo sọ fún un pé, “Bàbá, kí òpópónà náà jẹ́ orúkọ yín, ẹ jẹ́ kí èyí tó kàn án jẹ́ orúkọ abúlé tí ẹ ti ra ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn.” Ó ní òun máa rò ó. Ìyàwó rẹ̀ pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn ìpàdé, ó ní òun ṣì rántí ìyá tó ta ilẹ̀ náà fún àwọn, bó ṣe fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀, orúkọ rẹ̀ àti ti abúlé rẹ̀. Mo ní kí ó jọ̀wọ́ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ìsinmi tó ń bọ̀, Orílé Ìmọ̀ ni mo fẹ́ kó wọn lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n béèrè níbẹ̀ ti wà nínú ìwé wọn: ibi tí ọjà wà kí ogun tó dé, ibi tí odò wà, ìdílé tó lọ sí Abẹ́òkúta àti èyí tó padà wá, àdúgbò tó ń jẹ́ orúkọ wọn lábẹ́ Olúmọ. Bàbá Ọ̀fàdà ní òun mọ ẹnìkan tó lè mú wa débẹ̀. Ó ní kí a má lọ lásìkò òjò, torí ọ̀nà náà kì í gba ọkọ̀ nígbà náà, kí a sì lọ kí àwọn àgbàlagbà tó mọ̀ ọ́n tó lọ sóko láàárọ̀.